Orí Fífọ́ ní Àsìkò Ìdánwò

Ọjọ́rú, Agbowó, Ìbàdàn.

Láti ìgbà tí ìdánwò ti bẹ̀rẹ̀ ní Yunifásítì Ìbàdàn ni oògùn ẹ̀fọ́rí ti ń tà wàràwàrà ní ṣọ́ọ̀bù wa. Apoògùn ni mí, mo sì mọ̀ pé ọjà ni, ṣùgbọ́n ara mi kì í gba irú ọjà yìí, nítorí pé ohun tó ń ṣe ọ̀pọ̀ nínú àwọn tó ń rà á kò sí lábẹ́ agbára párásítámọ́ọ̀lù.

Lọ́sàn-án òní, ọmọkùnrin kan wọlé, ó kí mi tán, ó ní, "Ẹ jọ̀ọ́ mà, ẹ bá mi mú párásítámọ́ọ̀lù káàdì méjì, pẹ̀lú oògùn ibà." Mo bi í bóyá ó ti ṣe àyẹ̀wò. Ó ní rárá, pé ibà náà ni, ó ṣáà ń fọ́ òun lórí lójoojúmọ́. Mo ní kí ó jókòó, kí ó fọwọ́ kan ibi tó ń dùn ún. Ó fi àtẹ́lẹwọ́ méjèèjì di ẹ̀bátí, ó fà wọ́n lọ sí ìpàkọ́, ó sì fà wọ́n wá sí èjìká, bí ẹni tí wọ́n wé gèlè tó fún jù fún. Mo gún un ní ìka, mo kán ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ sórí ohun èlò àyẹ̀wò. Kò sí ibà.

Bí a ṣe ń dúró de èsì náà ni ọ̀rọ̀ ń jáde. Ó lè ka ojú ìwé kan lákàtúnkà kí ohunkóhun má wọlé. Àyà rẹ̀ máa ń já lóru. Ohun mímu inú agolo tí kì í jẹ́ kí èèyàn sùn ló sì fi ń kàwé títí ilẹ̀ fi ń mọ́. Ìyá rẹ̀ ní Ìsẹ́yìn ti sọ pé ọdẹ orí ló ń ṣe é.

Ní ọdún 1960, Raymond Prince, oníṣègùn ọpọlọ ará Kánádà tó ṣiṣẹ́ ní ilẹ̀ wa, kọ̀wé nípa àwọn akẹ́kọ̀ọ́ Nàìjíríà tí orí ń fọ́, tí ojú ń ṣú, tí ìwé kò sì yé mọ́. "Brain fag", ìyẹn ọpọlọ tó ti rẹ̀, ni wọ́n ń pè é. Ó kà á sí pé ọ̀nà ìkẹ́kọ̀ọ́ òyìnbó ni kò bá wa lára mu. Èmi kò gba ìyẹn gbọ́, nítorí pé àwọn ọmọ òyìnbó pàápàá ń ṣe bẹ́ẹ̀ bí ìdánwò bá dé. Àmọ́ ohun tó rí, òun náà ni mò ń rí lórí káńtà.

Bí ẹ̀rù bá ń ba èèyàn, iṣan ọrùn, èjìká àti awọ orí a le, ìrora a dé. Àníyàn a sì gba àyè tí ó yẹ kí ìwé gbà nínú ọpọlọ. Ẹni tí kò rí nǹkan kà a tún máa bẹ̀rù sí i, kò ní sùn, orí a sì tún fọ́. Èyí yàtọ̀ sí túúlu, tó sábà máa ń sọ ní ẹ̀gbẹ́ orí kan, pẹ̀lú èébì àti ìkórìíra ìmọ́lẹ̀. Èyí tí àwọn oníbàárà mi kì í fẹ́ gbà ni pé ẹni tó bá ń lo párásítámọ́ọ̀lù ní ọjọ́ 15 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ lóṣù, fún ohun tó ju oṣù mẹ́ta, oògùn náà gan-an lè máa fọ́ ọ lórí.

Mo sọ fún un pé párásítámọ́ọ̀lù oníwóró mílígíráàmù 500 kò gbọdọ̀ ju mẹ́jọ lọ láàárín wákàtí 24, kí ó dín ohun mímu agolo kù díẹ̀díẹ̀, nítorí pé ìdádúró òjijì náà ń fa ẹ̀fọ́rí, kí ó sì máa sùn ní àkókò kan náà. Bí àyà bá ń já, kí ó mí sínú pẹ̀lẹ́, kí ó sì jẹ́ kí ìmíjáde pẹ́ ju ìmísínú lọ. Bí àníyàn náà kò bá lọ lẹ́yìn ìdánwò, kí ó lọ bá àwọn dókítà ní Jájà, ilé ìwòsàn yunifásítì náà. Ṣùgbọ́n bí ẹ̀fọ́rí bá dé lójijì tó sì le ju ti àtẹ̀yìnwá lọ, tàbí tó bá wá pẹ̀lú ara gbígbóná àti ọrùn líle, tàbí tí apá kan ara ń rọ, ilé ìwòsàn ńlá UCH tààrà ni.

Ó bi mí bóyá òun ṣì lè ra oògùn ibà náà pa mọ́. Mo ní rárá. Ó ra káàdì kan, ó ní òun á yà lẹ́yìn pépà ọjọ́ Ẹtì.