Igi Ò Pọ̀ Lápá Ọ̀dọ̀ Tiwa

Ẹ̀yin èèyàn mi, 19 oṣù Júláì 2022, ọjọ́ tí ooru kọjá 40°C ní England fúngbà àkọ́kọ́, iṣẹ́ ni mo ń lọ o. Màmá àgbàlagbà kan ni mò ń tọ́jú, apá ibi táwọn olówó ń gbé ní London nilé wọn wà. Kí bọ́ọ̀sì tó dé ládùúgbò tiwa, òógùn ti bò mí, títì ń gbóná bí ààrò, kọnkéré lọ́tùn-ún kọnkéré lósì, kò sí òjìji kankan téèyàn lè sá sí. Ìgbà tí mo sọ̀ kalẹ̀ lọ́dọ̀ màmá báyìí, àwọn igi ńlá ti na ẹ̀ka pàdé lókè títì, ibẹ̀ tutù, mo kàn dúró, mò ń mí. Ìlú kan náà, oòrùn kan náà!

Ó rán mi létí kónílé-ó-gbélé 2020. Àjà kẹrin là ń gbé, ojú fèrèsé lọmọ mi máa ń wà látàárọ̀. Ọdún yẹn ni ONS, àwọn tó ń ṣe ìṣirò nílẹ̀ UK, sọ pé nínú èèyàn dúdú 100 ní England, 37 ni ò ní àyè kankan níta ilé wọn, ì báà ṣe ọgbà ì báà ṣe bákónì, tàwọn òyìnbó sì jẹ́ 10 péré. Mo ti rò pé torí owó ni, àṣé kódà tí irú iṣẹ́ àti ọjọ́ orí bá bára mu, àwa náà la ṣì máa ń wà láìní ọgbà jù. Ó dùn mí gan-an ni.

Àwa yìí gan-an la nílò páàkì jù, síbẹ̀ tá a bá dé àwọn páàkì kan, tọ́mọ bá rẹ́rìn-ín sókè díẹ̀, wọ́n á máa wò wá bíi pé a ṣìnà.

Victoria Park ni mo máa ń gbé e lọ báyìí. Ọkàn mi máa ń balẹ̀ níbẹ̀, torí àwọn èèyàn ìlà-oòrùn London ló béèrè fún un, èèyàn tó lé ní 30,000 fọwọ́ síwèé sí Ọbabìnrin Victoria ní 1840, wọ́n sì ṣí i ní 1845. Èmi náà àti aládùúgbò mi kan ti ń kan ilẹ̀kùn kiri báyìí, a fẹ́ kí káńsù gbin igi sí títì wa. Ilé mọ́kàndínlógún ló ti fọwọ́ síwèé wa, àjà kejì ló kù, Sátidé la máa lọ bá wọn.