Fọ́ǹtì ìkọ̀wé-ọwọ́: ìrù g ti kúrò lórí àmì ìsàlẹ̀

Ó ti bọ́ sí i! Mo ń ṣe fọ́ǹtì Yorùbá, ìyẹn àwòrán lẹ́tà fún kọ̀ǹpútà, tó jọ ìkọ̀wé ọwọ́. Láàárọ̀ yìí ni “ẹ̀gbọ́n” jáde lójú kọ̀ǹpútà mi láìsí pé ìrù g gun àmì abẹ́ ẹ.

Lẹ́tà kéékèèké ti parí, àlàfo àárín wọn náà ti dára. G, j àti y nìkan ló ń fún mi níṣẹ́. Nínú ìkọ̀wé tó ń ṣàn báyìí, ìrù wọn máa ń yí sápá òsì kó tó padà wá so mọ́ lẹ́tà tó kàn. Kò ní í yọ Gẹ̀ẹ́sì lẹ́nu, torí kò sí nǹkan lábẹ́ lẹ́tà tó ṣíwájú. Ṣùgbọ́n ẹ kọ “ẹyẹ”, ẹ kọ “ọjọ́”: ọ̀nà tí ìrù ń gbà gan-an ni àmì ìsàlẹ̀ wà. Ìrù á gbé e mì, “ọgbọ́n” á sì di “ogbọ́n” lójú ẹni tó ń kà á.

Mo fa àmì náà sókè, ó lẹ̀ mọ́ lẹ́tà. Mo fa ìrù lọ sísàlẹ̀, ó kan àmì ohùn tó wà ní ìlà kejì. Ni mo bá ya g mìíràn, onírù tààrà tí kò yí rárá, mo sì kọ òfin calt (èyí tó ń pààrọ̀ àwòrán lẹ́tà gẹ́gẹ́ bí àwọn tó yí i ká) nínú FontForge, ètò kọ̀ǹpútà tí a fi ń ṣe fọ́ǹtì, pé kó gba ipò g onírù yíyí bí ẹ tàbí ọ bá ṣíwájú. (Ṣ kò sí nínú òfin náà, torí nínú ọ̀rọ̀ Yorùbá, fáwẹ̀lì ló máa ń tẹ̀ lé ṣ.) “Ọgbọ́n” gbà. “Ẹ̀gbọ́n” kọ̀ jálẹ̀.

Ọ̀rọ̀ Unicode ni, ètò tó ń fún lẹ́tà àti àmì ní nọ́ńbà lórí kọ̀ǹpútà. Lẹ́tà ẹ ní nọ́ńbà tirẹ̀, U+1EB9, ṣùgbọ́n ẹ̀ kò ní. Àmì ohùn ìsàlẹ̀ (èyí tó wà lórí lẹ́tà), U+0300, ló ń tẹ̀ lé e lọ́tọ̀, òun ni òfin mi ń bá pàdé kó tó dé ọ̀dọ̀ ẹ. Mo ní kí òfin náà fo gbogbo àmì ohùn kọjá, ìyẹn Ignore Combining Marks, ó sì tán.

Bébà tí ẹ máa kọ́kọ́ fọwọ́ kọ lẹ́tà sí ṣe pàtàkì o. Èyí tó fẹ́lẹ́ máa ń mu yíǹkì, etí lẹ́tà á sì fọ́nká nígbà tí ẹ bá ya á wọ kọ̀ǹpútà. Àwọn tó ń ta bébà ní Ṣómólú ní èyí tó nípọn, tó sì dán. Ẹ fọwọ́ kàn án kẹ́ ẹ tó sanwó.

Roger Excoffon, ayàwòrán lẹ́tà ará Faransé, gbé fọ́ǹtì Mistral jáde ní 1953 láti inú ìkọ̀wé ọwọ́ ara rẹ̀, àwọn lẹ́tà rẹ̀ sì ń so mọ́ra títí dòní. Irú ìṣàn yẹn ni mo fẹ́, fún káàdì ìgbéyàwó àti báàgì ẹ̀bùn ayẹyẹ. Kì í ṣe fún ojú ìwé tó kún; yóò rẹ ojú.

Lẹ́tà ńlá ni mo ní máa ṣe tẹ̀ lé e. Ṣùgbọ́n bí mo ṣe ń wo g onírù tààrà yìí, ó mú gb sún mọ́ra bí ìró kan ṣoṣo. Mo fẹ́ fi í sí gbogbo gb ná, ibi yòówù tó bá wà. J àti y ló kàn, lẹ́tà ńlá á dúró.