Ẹ Má Kó Èlùbọ́ Púpọ̀ Lọ

Lọ́sẹ̀ tó kọjá, tọkọtaya kan láti Sẹ́mínárì wá kí mi nílé ìyá mi ní Ògbómọ̀ṣọ́ níbí. Wọ́n fẹ́ lọ ṣiṣẹ́ míṣọ́nnárì nílẹ̀ òkèèrè. Ìyàwó mú bírò dání. Ó ní, "Màmá, ẹ bá wa sọ ohun tí a máa kó." Mo ní kó kọ́kọ́ kọ ọ́ sílẹ̀ pé: ẹ má kó èlùbọ́ púpọ̀. Ó rẹ́rìn-ín, ó rò pé àwàdà ni.

Àpò èlùbọ́ méjì ni àwa gbé lọ nígbà tí wọ́n rán ọkọ mi sí Niamey, lórílẹ̀-èdè Niger. Ọ̀kan èlùbọ́ iṣu, ọ̀kan láfún. Ẹ má dá wa lẹ́bi, ọmọ Ajílété ni wá, níbi tí wọ́n ti ń jẹ ọkà kí wọ́n tó mu ẹ̀kọ. Èlùbọ́ kọ́ ló ṣe mí ní ibi, àwọn tí a jọ ń jẹ ẹ́ ni. Àwọn ará wa tó ń ṣòwò wà ní Niamey. Kí a tó tú ẹrù tán, wọ́n ti mọ̀ wá. Ìsìn Yorùbá ni, ìpàdé obìnrin Yorùbá ni, irú àti ẹ̀gúsí, ọ̀dọ̀ wọn náà ni. Mo ń sọ fún àwọn ará ilé lórí fóònù pé Niamey ò yàtọ̀ sí Ògbómọ̀ṣọ́, àfi oòrùn.

Ọdún méjì kọjá báyẹn. Ọmọ mi obìnrin, ọmọ ọdún méje, ló ń bá mi ra tòmátò. Òun ń sọ Zarma, èdè àwọn ará ibẹ̀, pẹ̀lú àwọn ọmọ àdúgbò, ó ń sọ Faransé nílé ẹ̀kọ́. Èmi dúró lẹ́yìn rẹ̀ bí odi, mo ń na ìka. Ojú tì mí lọ́jọ́ tí mo rántí Thomas Jefferson Bowen, òyìnbó Onítẹ̀bọmi tó dé Ògbómọ̀ṣọ́ lọ́dún 1855. Nígbà tó fi di 1858, ìwé gírámà àti atúmọ̀ èdè Yorùbá tó kọ ti jáde ní Amẹ́ríkà. Èèyàn mélòó ló rí bá sọ èdè tirẹ̀ ní Ògbómọ̀ṣọ́ ayé ìgbà yẹn?

Ní ọjọ́ 26 oṣù keje, ọdún 2023, àwọn ológun gba ìjọba ní Niger. Kò pẹ́ tí wọ́n fi ti bodè. Nàìjíríà sì já iná mànàmáná tó ń fi ránṣẹ́ síbẹ̀, bẹ́ẹ̀ ibẹ̀ ni èyí tó pọ̀ jù nínú iná Niamey ti ń wá. Ṣáájú ìgbà náà, nàìrà ti já wálẹ̀. Owó tí ìjọ ń fi ránṣẹ́, tí a bá ṣẹ́ ẹ sí sẹ́fà, owó tí wọ́n ń ná ní Niger, tán, kò lè gbé wa dé òpin oṣù. Àwọn ará wa tí mo gbọ́kàn lé ń ti ṣọ́ọ̀bù, kálukú ń wá bí yóò ṣe délé. Èmi kò lè yọjú síta. Ta ni kò mọ̀ pé ọmọ Nàìjíríà ni mí?

Lálẹ́ ọjọ́ kan, aládùúgbò wa kan, ìyá àgbà Mùsùlùmí, kan ìlẹ̀kùn. Tọ́ọ̀ṣì wà lọ́wọ́ rẹ̀ kan, abọ́ ọkà jéró wà ní ìkejì. Ó sọ̀rọ̀ títí. Ògbufọ̀ mi ti sùn. "Fofo", ìkíni wọn, nìkan ni mo mọ̀, òun náà ni mo ń sọ léraléra. Ìyá náà jókòó. A jọ wà nínú òkùnkùn, òun ń sọ̀rọ̀, èmi ń sọ fofo.

Láti ọjọ́ kejì ni mo ti ń lọ bá a gún jéró lẹ́yìnkùlé, ibẹ̀ ni mo ti kọ́ èdè. Àṣé kíkí wọn dà bíi tiwa! "Fofo nda goy," ẹ kú iṣẹ́ nìyẹn. Wọ́n á béèrè oorun, wọ́n á béèrè ará ilé, kí wọ́n tó dórí ọ̀rọ̀. Odò tó gba ìlú náà kọjá gan-an, Odò Ọya tí à ń kọjá ní Jẹ́bà ni. Nínú ìròyìn tí à ń fi ránṣẹ́ sílé, kò síbi tí wọ́n ti ń béèrè jéró gígún, iye ẹni tó wá sípàdé ni wọ́n ń béèrè. Síbẹ̀, ẹ ṣáà gún un.

Mo sọ fún tọkọtaya yẹn pé kí wọ́n gba ilé níbi tí kò sí Yorùbá, kí wọ́n máa yọjú sáwọn ará wa lẹ́ẹ̀kan lóṣù fún oṣù mẹ́fà àkọ́kọ́. Àwọn ará wa á bínú, wọ́n á ní ìgbéraga ni. Kí wọ́n bẹ̀ wọ́n. Ọkọ mi ò fara mọ́ èyí o, ó ní ṣebí àwọn náà ló gbé wa ró. Òótọ́ ni, ṣùgbọ́n mi ò tíì yí ohùn padà. Kí wọ́n ti ṣètò ìwé ẹ̀rí ìbí àwọn ọmọ ní Faransé láti ilé. Kí wọ́n má sì sọ ọmọ di ògbufọ̀: ọmọ mi ti gbọ́ ohun tí kò yẹ létí ọmọdé lẹ́nu dókítà, torí òun ló ń túmọ̀ àìsàn mi fún mi.

Bodè ṣí ní oṣù kẹta ọdún 2024. Nígbà tí à ń bọ̀ wálé fún ìsinmi, ìyá yẹn di kílíṣí fún ìyá mi. Màámi jẹ ẹ́ tán, ó béèrè orúkọ ẹni tó fi ránṣẹ́. Láàárọ̀ yìí, mo bá a tó ń jọ èlùbọ́ lójúde. Mo ní, "Màámi, ṣé mo ti sọ pé mi ò kó èlùbọ́ mọ́?"

Kò gbójú sókè. Ó ní, "Ta ló ń bá ọ wí? Ti ọ̀rẹ́ rẹ ni."