Kí ìfúnpá ẹ̀jẹ̀ tó já wálẹ̀: ọ̀rọ̀ fún ẹ̀yin akunilóorun tó ń bọ̀ lẹ́yìn wa

Ẹ̀yin àbúrò mi tí ẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ ń bá wa ṣiṣẹ́ ní tíátà àti ICU (yàrá ìtọ́jú àwọn tí àìsàn wọn le gan-an) ní Àkúrẹ́, ẹ má fi ìfúnpá ẹ̀jẹ̀ nìkan ṣọ́ aláìsàn tó ní sepsis, ìyẹn àkóràn tó ti le débi pé ó ń ba àwọn ẹ̀yà ara jẹ́. Ìfúnpá máa ń pẹ́ kó tó já, pàápàá lára ọ̀dọ́. Ṣáájú ìgbà yẹn, èémí á ti máa yára, ọ̀rọ̀ ẹnu rẹ̀ á ti máa dàrú, ìtọ̀ á ti dínkù. Ẹ tẹ ìka rẹ̀ títí yóò fi funfun, kí ẹ jọ̀wọ́ rẹ̀. Bí ẹ̀jẹ̀ bá pẹ́ ju ìṣẹ́jú àáyá 3 lọ kó tó padà, wàhálà ti dé. Kò gba owó, kò gba iná NEPA.

Bí ìfúnpá bá ti já, kí antibiotic (oògùn tó ń pa kòkòrò bakitéríà) wọlé láàárín wákàtí 1. Ẹ kọ́kọ́ gba ẹ̀jẹ̀ fún culture (àyẹ̀wò tó ń fi irú kòkòrò inú ẹ̀jẹ̀ hàn), àmọ́ bí ìgò rẹ̀ kò bá sí nítòsí, ẹ má dá oògùn dúró nítorí rẹ̀. Ẹbí ló sì máa ń lọ ra oògùn níta, nítorí náà ẹ kọ ìwé oògùn fún wọn kí ẹ tó jókòó ti fáìlì.

Ọ̀rọ̀ omi tí à ń fà sí iṣan ló máa ń gba ọkàn mi jù. Ìlànà Surviving Sepsis Campaign (àwọn onímọ̀ àgbáyé tó ń ṣe ìlànà ìtọ́jú sepsis) ti 2021 dábàá mílílítà 30 fún kílò kọ̀ọ̀kan láàárín wákàtí 3 àkọ́kọ́. Ẹni tó wọn kílò 60, lítà 1.8 nìyẹn. Ṣùgbọ́n ìwádìí FEAST ti 2011, tí wọ́n ṣe fún àwọn ọmọdé ní Uganda, Kẹ́ńyà àti Tanzania, fi hàn pé àwọn tí wọ́n yára da omi sí lára ló kú jù. Ní 2017, wọ́n rí ohun tó jọ ọ́ lára àwọn àgbàlagbà ní Zambia, tí ọ̀pọ̀ wọn ní HIV. Níbi tí ẹ̀rọ amúnimí kò ti kárí, ẹ fún àgbàlagbà ní omi mílílítà 250 tàbí 500, kí ẹ padà wò ó. Ẹ gbọ́ ẹ̀dọ̀fóró rẹ̀, ẹ tún ìka tẹ̀. Bí MAP (ìpíndọ́gba ìfúnpá ẹ̀jẹ̀) kò bá tíì dé 65, noradrenaline, oògùn tó ń gbé ìfúnpá sókè, ló kàn, iṣan apá sì tó bẹ̀rẹ̀ rẹ̀.

Tí ibà jẹ̀funjẹ̀fun (typhoid) bá ti lu ifun, antibiotic kò lè kó ìgbẹ́ kúrò nínú ikùn, abẹ ni. Ẹ tún ara rẹ̀ ṣe fún wákàtí díẹ̀, àmọ́ ẹ má jẹ́ kó di ọjọ́ kejì. Ìwọ̀n propofol, oògùn ìkunilóorun, tí ẹ ń fún ẹni tó wá ṣe ìpá lè pa irú aláìsàn yìí. Ketamine, oògùn ìkunilóorun mìíràn, lèmi máa ń yàn, kó kéré sí ti ojoojúmọ́, kí noradrenaline sì wà ní sẹpẹ́.

Ìpínlẹ̀ Oǹdó la wà o. Ibà tí oògùn kò ràn, pẹ̀lú ọ̀fun dídùn tàbí ẹ̀jẹ̀ lẹ́nu, pàápàá nígbà ọ̀gbẹlẹ̀, ẹ ro ibà Lassa, àrùn tí eku ń kó ràn wá, kí ẹ sì pe àwọn ará Federal Medical Centre Ọ̀wọ̀ tó ń tọ́jú rẹ̀. Ẹ wọ ìbọ̀wọ́, ìbòmú àti awò ojú kí ẹ tó fi tube (ọ̀pá èémí) sí ọ̀fun, torí ní tíátà, kò sẹ́ni tó sún mọ́ ẹnu aláìsàn bíi tiwa.