Ta ló ń dúró de ta?

Ọ̀rọ̀ tí Kóòṣì tó ń kọ́ wa ní ọfà títa sọ nírọ̀lẹ́ yìí ò kúrò létí mi. Èmi kọ́ ló ń bá wí o. Ọmọbìnrin tó dúró lọ́wọ́ òsì mi ni, èyí tó máa ń fa ọrun tán, tí á wá dì í mú títí. Kóòṣì ní, "Ìwọ lò ń dúró de ọfà ni, àbí ọfà ló ń dúró dè ẹ́?" Gbogbo wa rẹ́rìn-ín. Ẹ̀rín tèmi ló kọ́kọ́ gbẹ.

Òjò pa Òkè-Ajé lónìí, wọ́n mú iná lọ, gàrí ni mo mu.

Ṣé kéèyàn má farabalẹ̀ ni? Ìjẹ̀bú ni wọ́n ti tọ́ wa, sùúrù la bá nílé. Ṣùgbọ́n bí okùn bá ti kan àgbọ̀n, sùúrù ò pẹ́ ẹ́ tán. Ojú á kọ́kọ́ dúró, lẹ́yìn náà apá á bẹ̀rẹ̀ sí í gbọ̀n, ọkàn á ní "ó ku díẹ̀". Ó-ku-díẹ̀ yẹn ló ń ba ọfà jẹ́. Kéèyàn dẹ okùn padà, kó mí, kó tún bẹ̀rẹ̀ látorí ẹsẹ̀ ló dáa. Ta ló fẹ́ ṣe bẹ́ẹ̀ lójú èrò?

Ní Òlíḿpíìkì, bí ẹni méjì bá ń ta á ní ìkọ̀ọ̀kan, ìṣẹ́jú àáyá 20 péré ni ọfà kan ní. Mítà 70 ni àmì wà, ilé mẹ́wàá, ìyẹn òbìrí àárín tó ní máàkì mẹ́wàá, ò sì fẹ̀ ju sẹ̀ǹtímítà 12.2 lọ. Ní Paris lọ́dún 2024, Kim Woo-jin ará South Korea àti Brady Ellison ará Amẹ́ríkà jọ ta mẹ́wàá ní ọfà àṣekágbá, mìlímítà 4.9 ni Kim fi sún mọ́ àárín jù ú lọ. 4.9! Wọ́n tún ń fi bí àyà wọn ṣe ń lù han aráyé lórí tẹlifíṣọ̀n. Bí wọ́n bá gbé tèmi síbẹ̀, wọ́n á pe dókítà.

Àmọ́ ẹni tó ń yára náà ńkọ́? Ọmọkùnrin tó ń ta á ní kété tí fèrè bá dún, inú koríko la ti ń ṣa ọfà tiẹ̀. Nítorí náà kì í ṣe kíá, kì í ṣe pẹ́ títí. Bákan náà nígbà gbogbo ni: ẹsẹ̀, ìka, èémí, gbé e sókè, fà á. Mo mọ̀ ọ́n lórí. Lónìí, àárín ìka àti èémí ni mo ti rántí ọ̀rọ̀ táwọn ará Èkó ń dúró de èsì rẹ̀ lọ́dọ̀ mi...

Rárá, mi ò tíì dá wọn lóhùn. Ẹ má bi mí mọ́.

Kóòṣì ní agogo mẹ́rin la ó máa bẹ̀rẹ̀ báyìí, nítorí òjò. Ó sì mọ̀ pé márùn-ún ni mo ń kúrò níbi iṣẹ́!