Àwọn ọmọ Bamenda kọ́ ló dá ogun yìí sílẹ̀

Bí ọ̀rọ̀ ká pín ká má pín bá ti délẹ̀ láàárín àwa ọmọ Yorùbá, Biafra ni gbogbo ẹnu máa ń sáré lọ bá, àwọn míì á fi South Sudan tì í, àmọ́ ogun kan wà lẹ́nu ibodè wa níbí tó ti ń jà láti 2017 tí mi ò fi bẹ́ẹ̀ rí ẹni tó ń sọ̀rọ̀ ẹ̀. Ti Kamẹrúùnù ni mò ń sọ o, apá ibi tí wọ́n ti ń sọ Gẹ̀ẹ́sì, Bamenda, Buea, Kumba, Mamfe, ibi táwọn tó fẹ́ yà kúrò ń pè ní Ambazonia.

Ogoja ní Cross River ni mo ti sin ìlú, mo sì ní àwọn ọmọ tó sá ogun wá láti ọ̀hún nínú kíláàsì tí mò ń kọ́. Ọmọbìnrin kan wà tó ti lé ní ọmọ ọdún mẹ́rìnlá, Primary 4 ló jókòó sí, torí inú igbó ni òun àti màmá ẹ̀ ń sá kiri ní gbogbo ìgbà tó yẹ kó máa kàwé. Ó ní nílùú àwọn, ẹni bá gbé báàgì ìwé jáde ti fi ẹ̀mí ara ẹ̀ wewu nìyẹn. Àtìgbà yẹn ni mo ti ń tẹ̀lé ọ̀rọ̀ yìí, ó sì ń dùn mí wọra.

Kẹ́ ẹ tó lè mọ bó ṣe bẹ̀rẹ̀, ẹ ó ní láti mọ̀ pé ibẹ̀ àti Nàìjíríà ti jọ gbé rí. Lẹ́yìn ogun àgbáyé àkọ́kọ́ tí wọ́n gba Kamẹrúùnù lọ́wọ́ Jámánì, Faransé kó èyí tó pọ̀ jù, Gẹ̀ẹ́sì mú èyí tó wà létí ibodè wa, wọ́n wá so ó mọ́ Nàìjíríà, wọ́n ń ṣàkóso ẹ̀ látibí, débi pé àwọn aṣojú wọn ń jókòó nílé ìgbìmọ̀ ní Enugu. Nígbà tí òmìnira dé, UN ní kí wọ́n dìbò ní ọjọ́ 11 oṣù kejì ọdún 1961, ohun méjì péré ni wọ́n gbé síwájú wọn, yálà kẹ́ ẹ bá Nàìjíríà lọ tàbí kẹ́ ẹ bá Kamẹrúùnù tó gba òmìnira lọ́wọ́ Faransé lọ. Pé kí wọ́n dá dúró láàyè ara wọn ò sí nínú ìbò yẹn rárá. Apá àríwá bá wa lọ, ìyẹn ló wà lára Adamawa, Taraba àti Borno lónìí, apá gúúsù bá Kamẹrúùnù lọ.

Àdéhùn tí wọ́n bá wọlé ni pé apá méjì ni yóò jẹ́, pé wọ́n á ní ìjọba tiwọn, ilé ìgbìmọ̀ tiwọn àti kọ́ọ̀tù tiwọn lábẹ́ ààrẹ kan. Ọdún kọkànlá ni Ahmadou Ahidjo, ààrẹ Kamẹrúùnù nígbà yẹn, ṣe ìbò míì, ní ọjọ́ 20 oṣù karùn-ún ọdún 1972, ló bá fagi lé gbogbo ẹ̀. Nígbà tó di 1984, Paul Biya tó di ààrẹ lẹ́yìn ẹ̀ yọ ọ̀rọ̀ ìṣọ̀kan kúrò lára orúkọ orílẹ̀-èdè náà, ó dá a padà sí République du Cameroun, orúkọ tí apá Faransé ń jẹ́ kí apá Gẹ̀ẹ́sì tó wá bá wọn. Báwo ni wọ́n ṣe máa fi orúkọ ara wọn nìkan pe ilé táwọn méjì jọ ń gbé, kí èkejì má bínú? La République ni àwọn ará Bamenda ń pe ìjọba tó wà ní Yaoundé, olú ìlú Kamẹrúùnù, títí dòní, kì í ṣe pẹ̀lú ìfẹ́.

Ohun tó bí ogun gan-an kéré ju bẹ́ẹ̀ lọ. Lóṣù kẹwàá 2016 àwọn lọ́yà daṣẹ́ sílẹ̀ torí pé ìjọba ń kó adájọ́ tí ò gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì wá sí kọ́ọ̀tù wọn, adájọ́ tí òfin Gẹ̀ẹ́sì ò yé, kó wá máa dá ẹjọ́ ẹni tí ò gbọ́ Faransé. Lóṣù tó tẹ̀ lé e àwọn tíṣà náà dara pọ̀, ẹ̀sùn kan náà. Lọ́yà àti tíṣà o, kò síbọn lọ́wọ́ ẹnì kankan. Wọ́n na àwọn lọ́yà tòun ti agbádá kọ́ọ̀tù lọ́rùn. Ọkùnrin kan, Mancho Bibixy, dìde dúró nínú pósí ní gbangba Bamenda, ó ń sọ̀rọ̀ nípa ọ̀nà tó bàjẹ́ àti ìyà tó ń jẹ wọ́n, pósí yẹn láti fi hàn pé òun ti gbà láti kú. Ọdún 15 ni kọ́ọ̀tù àwọn sójà jù ú sí. Oṣù kìíní 2017 ìjọba gé íntánẹ́ẹ̀tì gbogbo agbègbè méjèèjì tí wọ́n ti ń sọ Gẹ̀ẹ́sì, 93 ọjọ́ gbáko, wọ́n kó àwọn aṣáájú tó ń bá wọn jíròrò, wọ́n sì fi òfin agbésùnmọ̀mí kàn wọ́n, òfin tí wọ́n ṣe ní 2014 nítorí Boko Haram.

Ìyẹn ni mo fẹ́ kẹ́ ẹ wò dáadáa. Tí ìjọba bá pe lọ́yà ní agbésùnmọ̀mí, ó ti sọ fún àwọn ọ̀dọ́ pé kò sí ìyàtọ̀ láàárín ẹni tó ń fẹnu jà àti ẹni tó ń fìbọn jà nìyẹn. Lọ́jọ́ 1 oṣù kẹwàá 2017 tí wọ́n kéde òmìnira Ambazonia, èèyàn jáde pẹ̀lú ewé tútù lọ́wọ́, àwọn sójà yìnbọn sí wọn. Kò pẹ́ tí àwọn ọmọ Amba, ìyẹn àwọn tó ń fìbọn jà fún Ambazonia, bẹ̀rẹ̀ sí í pa sójà àti ọlọ́pàá, nígbà tó sì di òpin oṣù kọkànlá Biya bọ́ sílẹ̀ nínú bàálù, ó dúró ní pápákọ̀ Yaoundé, ó ní àwọn agbésùnmọ̀mí ló ń bá Kamẹrúùnù jà. Ogun dé nìyẹn.

Mi ò ní bo ohun tí sójà ṣe mọ́lẹ̀. Wọ́n sun abúlé, òmíràn kò ku ilé kan. Ní Ngarbuh, ọjọ́ 14 oṣù kejì 2020, wọ́n pa èèyàn tó lé ní 20, ọmọdé ló pọ̀ jù níbẹ̀, aboyún wà níbẹ̀, ìjọba kọ́kọ́ ní epo ló gbiná, ó tó oṣù méjì kí wọ́n tó gbà pé sójà wọn ni. Aboyún àti ọmọdé!

Ṣùgbọ́n àwọn tó ní àwọn ń jà fún àwọn èèyàn yẹn ńkọ́? Ibí ni inú ti máa ń bí mi jù, torí ẹjọ́ wọn dáa, ẹjọ́ wọn tọ́, wọ́n wá fi ọwọ́ ara wọn bà á jẹ́. Àìlọ sí ilé-ìwé yẹn, ìdaṣẹ́sílẹ̀ tíṣà ló bẹ̀rẹ̀ ẹ̀, ohun tí wọ́n rò pé á gba oṣù díẹ̀ kí ìjọba fi dáhùn. Àwọn onìbọn wá gbà á, wọ́n sọ ọ́ di òfin, ilé-ìwé tó bá ṣí wọ́n á sun ún, tíṣà tó bá kọ́ọ̀yàn wọ́n á jí i gbé. Gbogbo Mọ́ńdè pátápátá, ọjà ò gbọdọ̀ ṣí, ọkọ̀ ò gbọdọ̀ rìn, ghost town ni wọ́n ń pè é. Ní 2019 UNICEF ní àwọn ọmọ tó lé ní 850,000 ni kò lọ sí ilé-ìwé ní agbègbè méjèèjì. Yorùbá ní bí a bá ń sunkún, à máa ń ríran. Àwọn wọ̀nyí ń sunkún, wọn ò ríran mọ́, torí ẹni tó bá fẹ́ dá orílẹ̀-èdè sílẹ̀ tó wá ní kí ọmọ orílẹ̀-èdè náà má mọ ìwé kà, ta ló fẹ́ kó bá òun ṣe ìjọba ẹ̀?

Oṣù kọkànlá 2018, wọ́n jí ọmọ ilé-ìwé tó lé ní 70 gbé ní Nkwen, ilé-ìwé ìjọ Presbyterian. Oṣù kẹwàá 2020, àwọn onìbọn gun ọ̀kadà wọ ilé-ìwé kan ní Kumba, wọ́n wọ kíláàsì, wọ́n yìnbọn lu àwọn ọmọ, ọmọ méje kú. Ìjọba ní Amba ni, àwọn Amba ní àwọn kọ́. Kò tó ọ̀sẹ̀ méjì sígbà yẹn ni wọ́n gbé Kádínà Christian Tumi lójú ọ̀nà, bàbá ẹni 90 ọdún, tó ti ń bá Yaoundé wí látọjọ́ pípẹ́, ohun tí wọ́n torí ẹ̀ bá a ṣẹjọ́ ni pé ó ní kí àwọn ọmọ padà sí ilé-ìwé. Ọjọ́ kejì ni wọ́n tú u sílẹ̀.

Wọ́n tún ti pín yẹ́lẹyẹ̀lẹ. Àwọn olórí wà ní Amẹ́ríkà, wọ́n wà ní Yúróòpù, wọ́n bára wọn jà ní 2019 lórí ta ni ààrẹ, àwọn tó wà nínú igbó náà sì ní jẹ́nẹ́rà tiwọn abúlé dé abúlé, wọ́n ń gba owó lọ́wọ́ àgbẹ̀, wọ́n ń gba owó lórí òkú pàápàá kí ẹbí tó lè sin ín. Owó ìtúsílẹ̀ ẹni tí wọ́n jí gbé ti di iṣẹ́ òòjọ́. Àwọn ará ibẹ̀ á ní àwọn olórí tó ń pàṣẹ pé kí ilé-ìwé wà ní títì láti òkè òkun, ọmọ tiwọn ń lọ sí ilé-ìwé lọ́hùn-ún láràárọ̀. Ní oṣù kẹsàn-án 2024 ọlọ́pàá Norway mú ọ̀kan nínú wọn, Lucas Ayaba Cho, lórí ẹ̀sùn pé ó ń ti àwọn èèyàn lẹ́yìn láti hu ìwà ọ̀daràn sí ọmọnìyàn. Ó ti lé ní 6,000 èèyàn tó kú sí ogun yìí, ó ju ìlàjì mílíọ̀nù lọ tó sá fi ilé sílẹ̀.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń pariwo Yorùbá Nation, mi ò bá yín jà, ẹ̀tọ́ èèyàn ni kó sọ pé òun ò fẹ́ mọ́. Kẹ́ ẹ ṣáà wo ẹni tó ń darí Ambazonia lónìí, kì í ṣe lọ́yà tó bẹ̀rẹ̀ ẹ̀ mọ́, ẹni tó níbọn ní oríta ni. Ọdún kan péré ló gbà.

Àwọn tí wọ́n lè bá jókòó sọ̀rọ̀ sì wà lẹ́wọ̀n, ọwọ́ Nàìjíríà ló fi wọ́n síbẹ̀. Oṣù kìíní 2018, ní hòtẹ́ẹ̀lì kan ní Abuja, wọ́n mú Sisiku Ayuk Tabe, olórí àwọn tó kéde Ambazonia, àtàwọn tó ń bá a ṣèpàdé, lápapọ̀ àwọn 47 ni ìjọba wa kó lé Kamẹrúùnù lọ́wọ́, àwọn míì nínú wọn ti forúkọ sílẹ̀ níbí pé àwọn sá àsálà. Oṣù kẹta 2019 ilé-ẹjọ́ gíga ìjọba àpapọ̀ ní Abuja ní ohun tí wọ́n ṣe yẹn lòdì sófin, ó ní kí wọ́n dá wọn padà wá. Kò sẹ́ni tó dá wọn padà. Oṣù kẹjọ ọdún kan náà kọ́ọ̀tù àwọn sójà ní Yaoundé ju mẹ́wàá nínú wọn sí ẹ̀wọ̀n gbére. Oṣù kan lẹ́yìn náà Biya pe ìpàdé ìjíròrò ńlá, kò pe wọ́n sí i. Switzerland fẹ́ bá wọn dá sí i, kò bọ́ sí i, Canada kéde ní 2023 pé ìjọba àti àwọn Amba ti gbà kí àwọn làjà, ọjọ́ díẹ̀ lẹ́yìn náà Yaoundé ní àwọn ò rán ẹnikẹ́ni níṣẹ́. Biya tún wọlé ìbò ní 2025, ẹni 92 ọdún.

Ìjọba wa lè ṣe kinní kan tí ò ná wọn ní kọ́bọ̀. Kí wọ́n gbọ́ràn sí kọ́ọ̀tù ara wọn lẹ́nu, kí wọ́n kọ̀wé sí Yaoundé, kí wọ́n sọ pé àṣìṣe ni wọ́n ṣe nígbà tí wọ́n kó àwọn èèyàn yẹn lé wọn lọ́wọ́, kí wọ́n béèrè wọn padà. Ẹ̀yin aṣòfin Cross River, Benue àti Taraba tí àwọn tó sá ogun ń gbé lọ́dọ̀ yín, ẹ̀yin ló yẹ kẹ́ ẹ kọ́kọ́ gbé e dìde nílé ìgbìmọ̀.