Láti Ìwó Road dé oko Oǹdó, nítorí ajá

Ohùn ọmọ ajá náà ni mo kọ́kọ́ gbọ́ kí n tó rí i. A ṣẹ̀ṣẹ̀ kúrò ní garéèjì Ìwó Road n'Ìbàdàn, ọkọ̀ Sienna náà kún dẹ́nu, ìjókòó ẹ̀yìn pátápátá ni mo wà, lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìyá kan tó gbé páálí ìndómì lé itan. Nǹkan kan bẹ̀rẹ̀ sí í ké nínú páálí náà, ohùn tínrín tó ń fà bí ilẹ̀kùn tí kò rí epo. Dírẹ́bà wo dígí.

"Màmá, kí lẹ gbé dání yẹn?"

"Ọmọ ajá ni, ọkọ mi."

Ọ̀rọ̀ dàrú. Ọkùnrin tó jókòó níwájú ní òun ò lè bá ajá wọ mọ́tò kan náà, pé tó bá tọ̀ sílẹ̀ ńkọ́, tó bá ní dìgbòlugi ńkọ́. Ẹnì kan ní kí wọ́n gbé e sí búùtù. Ìyá náà ò bá ẹnikẹ́ni jà. Ó ṣí etí páálí díẹ̀, ó ki ìka kan bọ inú rẹ̀, ọmọ ajá gbá ìka náà mú, ó ń mu ún bí ọmú. Kẹ́kẹ́ pa. Nígbà tí a dúró ra dòdò ní Ìkirè, ọwọ́ kan ló fi gbà á, ọwọ́ kan náà ló fi jẹ ẹ́ tán, nítorí ìka ọwọ́ kejì ṣì wà lẹ́nu ọmọ ajá. Bẹ́ẹ̀ ló ṣe jókòó títí a fi wọ Àkúrẹ́.

A ti kọjá Ifẹ̀ kó tó sọ ìdí rẹ̀ fún mi. Ọmọ ọmọ rẹ̀ ló wo fíìmù kan, ti ajá tó ń dúró de ọ̀gá rẹ̀ níwájú ibùdó rélùwéè. "Ọmọ náà sunkún títí ó fi sùn," ló wí. "Láti ọjọ́ náà, kò sóhun mìíràn lẹ́nu ẹ̀ ju kí n ra ajá fóun."

Mo yíjú sí i. Fíìmù yẹn gan-an ni èmi náà gbé dání. Ó wà nínú lápútọ́ọ̀pù tó wà nínú báàgì lábẹ́ ẹsẹ̀ mi.

Eré ni mo ń kọ fún àwọn tó ń ṣe fíìmù Yorùbá. Iṣẹ́ tí mo fi ń jẹun nìyẹn. Lọ́dún yìí mo kọ ọ̀kan tí ajá jẹ́ ẹni pàtàkì inú rẹ̀. Ẹni tó fẹ́ náwó sí i kà á, ó ní ìtàn náà dára, ṣùgbọ́n ajá ò lè gbé eré. Kí n jẹ́ kí ajá náà kú ní ìran kẹta, kí wọ́n fi ṣètùtù. Ọ̀rọ̀ náà dùn mí wọra. Ohun tó jẹ́ kó dùn mí jù ni pé bí a ṣe ń lo ajá nìyẹn lóòótọ́. Á gbó lẹ́nu géètì olówó. Á hu lóru kí a lè mọ̀ pé nǹkan burúkú ń bọ̀. Bí kò bá sí ìwọ̀nyí, wọ́n á so ó mọ́ ojúbọ. Mo ronú sí gbogbo èyí tí mo ti wò láti kékeré, n kò rántí ẹyọ kan tí ajá inú rẹ̀ fẹ́ nǹkan fúnra rẹ̀, tó sì sá tọ nǹkan náà lọ.

Bẹ́ẹ̀ sì rèé, láti 1905 ni ajá ti ń gbé eré. Lọ́dún yẹn, ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, Cecil Hepworth ṣe fíìmù kan tó pè ní Rescued by Rover. Gbogbo rẹ̀ kò tó ìṣẹ́jú méje. Alágbe kan jí ọmọ ìkókó gbé; ajá ilé fò gba ojú fèrèsé, ó wẹ odò kọjá, ó ń ti ilẹ̀kùn wò lọ́kọ̀ọ̀kan títí ó fi rí ọmọ; ó tún sá padà wálé wá mú bàbá ọmọ lọ. Hepworth fúnra rẹ̀ ló ṣe bàbá, ìyàwó rẹ̀ ṣe ìyá, ọmọ wọn ṣe ọmọ, ajá ilé wọn tó ń jẹ́ Blair ṣe ajá. Fíìmù ìgbà náà kò ní ohùn, nítorí náà ọgbọọgba ni ajá àti ènìyàn: ojú àti ẹsẹ̀ ni gbogbo wọn fi ń sọ̀rọ̀. Àwọn èèyàn ra ẹ̀dà rẹ̀ débi pé fíìmù àkọ́kọ́ tí wọ́n fi ń tẹ ẹ̀dà bàjẹ́, ẹ̀ẹ̀mejì ni wọ́n sì tún gbogbo eré náà yà láti ìbẹ̀rẹ̀. Èyí ni mo fẹ́ sọ fún ẹni tó ní ajá ò lè gbé eré. N kò sọ ọ́. Mo di ẹrù mi, mo ní mo fẹ́ lọ wo ajá tó ń ṣiṣẹ́ lójú ara mi.

Òjò ló pàdé wa ní Àkúrẹ́. Ìyá ọlọ́mọ ajá sọ̀ kalẹ̀ ní garéèjì Ìlẹ́ṣà, ó fi ìborùn rẹ̀ bo páálí, ó jẹ́ kí òjò máa pa òun lórí. Èmi wọ máruwá lọ sílé ẹ̀gbọ́n mi ní Òkè-Àrò. N kì í wọ Àkúrẹ́ kí n má rántí ẹni tó tẹ̀ ẹ́ dó, Ọmọrẹ̀mílẹ́kún, ìran Odùduwà tó jáde ní Ifẹ̀, tí wọ́n tún ń pè ní Aṣọdẹbóyèdé, ẹni tó ṣọdẹ títí tó fi bá oyè dé. Ọdẹ ló dá ìlú náà sílẹ̀. Ìtàn tí wọ́n sọ fún mi kò dárúkọ ajá kankan, ṣùgbọ́n ta ni yóò sọ fún mi pé ọdẹ rin gbogbo igbó yẹn láìmú ajá lẹ́yìn?

Lálẹ́, àwọn ọmọ ẹ̀gbọ́n mi mẹ́tẹ̀ẹ̀ta jókòó sórí ẹní, mo gbé lápútọ́ọ̀pù ka orí àpótí. Wọ́n ti mú iná lọ, bátìrì la fi ń wò ó. Fíìmù ajá tó ń dúró de ọ̀gá rẹ̀ yẹn ni, èyí tí Lasse Hallström darí lọ́dún 2009, Richard Gere ló ṣe ọ̀gá ajá. Kó tó bẹ̀rẹ̀ mo sọ fún wọn pé ó ṣẹlẹ̀ lóòótọ́, àti pé bó tilẹ̀ jẹ́ Amẹ́ríkà ni wọ́n máa rí nínú fíìmù yẹn, ilẹ̀ Japan ló ti ṣẹlẹ̀. Hachikō lorúkọ ajá náà, wọ́n bí i ní 1923. Ọ̀gá rẹ̀, Hidesaburō Ueno, jẹ́ ọ̀jọ̀gbọ́n ní yunifásítì ní Tokyo, ajá a sì máa lọ pàdé rẹ̀ ní ibùdó rélùwéè Shibuya nírọ̀lẹ́. Ní oṣù Karùn-ún ọdún 1925, ọ̀jọ̀gbọ́n jáde lọ síbi iṣẹ́, ó kú síbẹ̀. Ajá ò yéé lọ sí ibùdó náà títí di oṣù Kẹta ọdún 1935 tí òun náà fi kú. Wọ́n ti mọ ère rẹ̀ síwájú ibùdó yẹn láti 1934, ajá náà wà níbẹ̀ lọ́jọ́ tí wọ́n ṣí i. Wọ́n yọ́ ère náà nígbà ogun, wọ́n tún mọ òmíràn ní 1948. Àwọn ará Japan fúnra wọn ti fi ìtàn náà ṣe fíìmù ní 1987.

Kí ló ń ṣẹlẹ̀ nínú rẹ̀ gan-an? Ajá jókòó. Yìnyín bọ́ lé e lórí. Ọkọ̀ dé, èrò sọ̀, ẹni tó ń retí kò sí láàárín wọn. Ó dìde, ó lọ. Lọ́jọ́ kejì ó tún padà wá. Ẹni tó bá ń kọ eré mọ bó ṣe le tó láti mú èèyàn jókòó wo ẹni tó jókòó. Ọmọ àárín di ìró mi mú, kò jù ú sílẹ̀. Nígbà tí ìyàwó olóògbé dé lẹ́yìn ọdún pípẹ́, tó bá ajá lórí ìjókòó rẹ̀, tó ti darúgbó, tí irun rẹ̀ ti dọ̀tí, àbíkẹ́yìn ní:

"Àǹtí, ṣé ajá yẹn ò mọ̀ pé wọ́n ti kú ni?"

Kí n tó lanu, ẹ̀gbọ́n mi tó ń ṣa ẹ̀wà lẹ́nu ọ̀nà ti dá a lóhùn, kò tilẹ̀ gbójú sókè: "Bó mọ̀ náà, ó ṣì máa lọ."

Mo kọ ọ́ sínú ìwé mi.

Àkọ́bí wọn ní tirẹ̀ fẹ́ mọ bí wọ́n ṣe sọ fún ajá kó banú jẹ́. Mo ṣàlàyé fún un pé ajá mẹ́ta ló pín iṣẹ́ náà ṣe, Chico, Layla àti Forrest, kálukú pẹ̀lú ìgbà ayé tirẹ̀. Pé ẹni tó kọ́ ajá máa ń dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ kámẹ́rà pẹ̀lú ohun jíjẹ lọ́wọ́, òun ni ajá ń wò tí àwa fi rò pé ilẹ̀kùn ló ń wò. Mo fi ti Lassie kún un, ajá inú fíìmù tó lókìkí, tó jẹ́ abo nínú ìtàn, tó sì jẹ́ pé akọ, Pal, ló ṣe é nínú fíìmù 1943. Ojú ọmọ náà rẹ̀ wálẹ̀ nígbà tó gbọ́ pé oúnjẹ ni ajá ń wò. Mo ní òṣèré ènìyàn náà, ibi tí wọ́n bá ní kó wò ló ń wò; ṣùgbọ́n sùúrù ojú yẹn, ti ajá ni, kò sẹ́ni tó lè kọ́ ọ.

Lọ́jọ́ kẹta mo wọ ọkọ̀ Oǹdó. Ní Òwẹ́nà àwọn obìnrin gbé ìdì ọ̀gẹ̀dẹ̀ sáré pàdé wa ní wíńdò, mo ra ọ̀kan fún Bàbá tí mo ń lọ bá, ìyẹn bàbá ọkọ ẹ̀gbọ́n mi, ọdẹ tó ń gbé oko lẹ́yìn Oǹdó, lápá ọ̀nà Òkè-Igbó.

Ó yẹ kí n sọ èyí gbangba. Ní Oǹdó, ajá ni ẹran Ògún, ọ̀pọ̀ ló sì ń jẹ ẹ́. Lókìlí ni wọ́n ń pè é. Àwọn àgbà ti kì í tipẹ́: "Ògún Alárá ní í gbajá, Ògún Onírè a gbàgbò." N kò bá ẹnikẹ́ni jà lórí rẹ̀, àṣà ìlú ni. Ṣùgbọ́n láti Àkúrẹ́ ni ìbéèrè kan ti ń jẹ mí lọ́kàn: báwo ni ọwọ́ kan náà ṣe ń tọ́ ajá, tó sì ń pa ajá?

Mo kúnlẹ̀ kí Bàbá. "Àna mi, káàbọ̀, dìde," ni wọ́n wí. Wọ́n gba ọ̀gẹ̀dẹ̀ lọ́wọ́ mi. Lẹ́bàá ààrò ni ajá wọn dùbúlẹ̀ sí, ajá ilé wa lásán, pupa rúsúrúsú, etí òsì rẹ̀ ya. Tójútìẹ lorúkọ rẹ̀.

"Bàbá, ta lẹ fi orúkọ yìí bá wí?"

"Ẹni tó ń bá mi du ààlà. Ó ti kú. Ajá ṣì ń jẹ́ ẹ."

A jókòó, a ń sọ̀rọ̀. Mo ń wo ajá náà. Imú rẹ̀ wà lórí ẹsẹ̀ iwájú, ojú rẹ̀ wà ní pípadé. Ṣàdédé, etí ọ̀tún rẹ̀ dìde. Èyí tó ya gbìyànjú, ó dé ìdajì. Orí ò tíì kúrò nílẹ̀. Ihò imú rẹ̀ ń ṣí, ó ń pa dé. Nígbà tó yá ó nà ró, ó gbọn eérú kúrò lára, ó rìn lọ sójú ọ̀nà, ó jókòó, ó kẹ̀yìn sí wa. Mo tẹ́tí títí, n kò gbọ́ nǹkan kan.

"Ọmọ mi ọkùnrin ló ń bọ̀ yẹn," Bàbá wí.

Ó tó ìgbà tí èèyàn á fi bó iṣu kan tán kí èmi tó gbọ́ ọ̀kadà lókèèrè.

Lálẹ́ ni mo bi wọ́n ní ìbéèrè mi. Ṣaworo kan kọ́ sára ògiri, èyí tí wọ́n máa ń so mọ́ Tójútìẹ lọ́rùn nínú igbó; bó bá ń dún, ajá ń wá; bó bá dákẹ́ lójijì, ajá ti dúró níwájú ẹran. Bàbá mú un, wọ́n mì í díẹ̀. "Ajá tí mo rà fún Ògún, ti Ògún ni. Èyí tó bá mi wọgbó, iṣẹ́ Ògún lòun náà ń ṣe. Ta ló ń pa alágbàṣe ara ẹ̀?" Wọ́n nawọ́ sí ìdí igi obì lẹ́yìn ilé. Ajá mẹ́ta ni wọ́n ti sin síbẹ̀.

Wọ́n wá pa àlọ́ fún mi, èyí tí gbogbo wa gbọ́ ní kékeré, ṣùgbọ́n n kò gbọ́ ọ lẹ́nu ọdẹ rí. Ọdẹ kan ní ajá mẹ́ta. Lọ́jọ́ kan ó so wọ́n mọ́lẹ̀ nílé, ó dá lọ sígbó. Ọ̀tá ká a mọ́ orí igi, wọ́n ń fi àáké gé ìdí igi náà. Igi ń mì. Ọdẹ bẹ̀rẹ̀ sí í kọrin pe àwọn ajá rẹ̀: Òkémọkéréwú, Ọ̀sọpàkàgbọ́mọmì, Ọ̀gbálẹ̀gbáràwé. Nílé, wọ́n gbọ́. Wọ́n ń fa okùn. Bàbá dúró níbẹ̀, wọ́n ń fi ọwọ́ méjèèjì ṣe bí ajá ṣe ń fa okùn, iṣan ọrùn wọn yọ, Tójútìẹ sì gbórí sókè, ó ń wò wọ́n. Okùn já. Ọ̀kan gé wọn, ọ̀kan gbé wọn mì, ọ̀kan gbá ilẹ̀ gbá ewé tí ẹ̀jẹ̀ ta sí, bíi pé nǹkan kan ò ṣẹlẹ̀ níbẹ̀.

"Bàbá, ta ló ni àlọ́ yìí? Ọdẹ ni àbí ajá?"

"Kí lorúkọ ọdẹ?"

Mo ronú. Ọdẹ ò ní orúkọ. Láti ìgbà tí mo ti ń gbọ́ ọ, "ọdẹ kan" ni. Àwọn ajá nìkan ni wọ́n sọ lórúkọ nínú rẹ̀, orúkọ tí ọmọdé kò lè gbàgbé.

Lọ́jọ́ kejì, nínú ọkọ̀ tó ń gbé mi padà sí Ìbàdàn, mo yọ eré mi jáde. Nínú gbogbo ojú ìwé rẹ̀, "AJÁ" ni mo ń kọ. Mo pa á rẹ́ níbi gbogbo, mo fi Tójútìẹ rọ́pò rẹ̀. Mo fa ìlà gba ìran kẹta kọjá látòkè délẹ̀. Lẹ́yìn náà mo ṣí ojú ìwé tuntun, mo kọ ìran kìíní ní àkọ̀tun: bàbá àti ọmọ ń jẹun alẹ́, wọ́n ń sọ̀rọ̀ owó ilé ìwé. Tójútìẹ dùbúlẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà, ojú rẹ̀ wà ní pípadé. Etí rẹ̀ kan dìde. Àwa tí à ń wò ó kò tíì gbọ́ nǹkan kan.